Àpáàdì Tí Mo Fi Ṣeré Suwé

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Agbassa, níbí ní Warri, ọkùnrin kan wà tí mo kórìíra bí ìgbẹ́. Àbúrò bàbá mi ni. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni mò ń sọ fún yín.

Owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú nígbà náà. Ìjẹ̀bú ni wá. Bàbá mi ń ta pánù àti ìṣó lójú títì tó lọ sí Sapele, àbúrò rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ epo kan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa gbẹ́ ilẹ̀ wò, kí ó lè mọ irú òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. Mọ́tò ń gbé e kiri, àwọn ọ̀gá ń pọ́n ọn lé. Síbẹ̀, ìtàn àwọn ará etí odò ló gbà á lọ́kàn ju epo lọ. Bí ọjọ́ ìsinmi bá ti dé, ó di Ubeji létí odò, á lọ jókòó ti ìyá arúgbó kan tó ń yan ẹja, á máa kọ ohun tí ìyá náà bá sọ nípa àwọn baba ńlá rẹ̀ sínú ìwé.

Yàrá mi ni wọ́n ní kí ó máa kó ẹrù sí. Èmi àti òkúta la jọ ń sùn. Lọ́jọ́ tí mo fọwọ́ kan ọ̀kan péré, ó gbá mi létí tí mo fi rí ìràwọ̀ lọ́sàn-án gangan. Mo dì í sínú.

Kò pẹ́ ni iléeṣẹ́ náà fẹ́ gba ilẹ̀ ìyá ẹlẹ́ja yìí. Wọ́n ní kí àbúrò bàbá mi buwọ́ lùwé pé ẹnikẹ́ni ò gbé ibẹ̀ rí. Ó kọ̀. Ó ti gbẹ́ ibẹ̀ wò, ó sì ti rí àpáàdì ìkòkò àtijọ́ níbẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, pẹ̀lú eérú ààrò. Ó fọ̀ wọ́n, ó fi yíǹkì kọ nọ́ńbà sí wọn lára, kí wọ́n lè mọ bí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá ṣe jìn tó. Èyí tó bá ti ìsàlẹ̀ jù wá ló pẹ́ jù; ẹ̀rí pé àwọn baba ńlá ìyá náà ti gbé ibẹ̀ nìyẹn.

Bàbá mi gbaná jẹ. Òun ló ń retí láti kó pánù tí wọ́n máa fi ṣe ọgbà yí ilẹ̀ náà ká.

"Ìtàn onítàn! Ṣé ìwọ lo bí wọn ni?"

"Bọ̀dá mi, mi ò lè tìtorí pánù purọ́."

Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti jọ jẹun mọ́.

Ẹ̀yìn bàbá mi ni mo wà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ṣí àpótí tí àbúrò rẹ̀ kó ẹ̀rí náà sí, mo kó àpáàdì, mo pín in fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀yin ò mọ suwé mọ́. A ó fa ilà sílẹ̀, a ó ju àpáàdì sínú ilé kan, a ó fẹsẹ̀ kan tọ lọ bá a. Èyí tó bá tẹ́jú ló dáa jù, tirẹ̀ sì tẹ́jú dáadáa. A fi í ṣeré títí nọ́ńbà fi pa rẹ́. Inú mi dùn gan-an ni.

Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ọ̀gá wá sí pálọ̀ wa láti wá fojú rí ẹ̀rí náà. Ìyá ẹlẹ́ja náà wá, ó wọ aṣọ tó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò bàbá mi ṣí àpótí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ló bà mí lẹ́rù tí mo fi sáré lọ ṣa ìwọ̀nba tí mo rí wá. Kò lù mí. Ó kàn rọra bi mí pé, "Èwo ló ti ìsàlẹ̀ wá?"

Mo ní, "I no know, sah."

Ọ̀gá kan rẹ́rìn-ín, ó ní pàǹtí ni. Ìyá náà mú ọ̀kan, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó wò mí. "Na my people pot you carry dey play so?" Kò ṣépè fún mi. Ì bá kúkú ṣépè.

Iléeṣẹ́ náà gba ilẹ̀ náà, bàbá mi sì kó pánù ọgbà lọ fún wọn. Wọ́n lé àbúrò rẹ̀ níṣẹ́, ó padà sí Ìjẹ̀bú, ó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní ìtàn títí ó fi kú. Kò tẹ ilé wa mọ́, kódà nígbà tí a sin bàbá mi. Ìgbátí yẹn ṣì ń dùn mí, mi ò ní tàn yín. Wọ́n ní ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà, ṣùgbọ́n ọ̀tá tèmi yìí pa á, èmi ni mo sọ ọ́ nù.

Ayé ti yí. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ń tọpinpin ìtàn, wèrè là ń pè é. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ-ọmọ ìyá ẹlẹ́ja wá bá mi pẹ̀lú fóònù, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ kí àwọn gbà á sílẹ̀, àwọn ń wá ẹ̀rí pé ti àwọn ni ilẹ̀ náà. Mo gbé àpáàdì kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ mi fún wọn. Wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n wá bi mí pé báwo ni ibi tó ti wá nínú ilẹ̀ ṣe jìn tó. Pẹ̀lú gbogbo ewú orí mi yìí, ìdáhùn ọjọ́ kìíní náà ni mo tún fún wọn: "I no know."