Alàgbà Máyọ̀kún àti Kọ̀tínà Rẹ̀

Títí di òní, bí àwọn ará ìjọ Aládùúrà tó wà ní Dagenham ní London bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ọjọ́ Ìsinmi tí Alàgbà Máyọ̀kún gba ojú fèrèsé jáde nínú mọ́tò ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rántí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló ṣáájú, láìsí bàtà, nítorí aṣọ àdúrà ti wà lọ́rùn rẹ̀. Aṣọ funfun náà wá ń tú jáde díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń fa aṣọ jáde nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, títí ikùn fi há. Ọlọ́pàá kan tó ń kọjá dúró, ó ní ṣé Bàbá ló ni mọ́tò yìí? Ẹsẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Orí ṣì wà nínú.

Alàgbà dá a lóhùn láti inú ọ̀hún: "Ọmọ mi, ká ní mo fẹ́ jí mọ́tò, ṣé èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ò ṣí ni màá jí?"

Ọlọ́pàá náà bú sẹ́rìn-ín, ó di ẹsẹ̀ kan mú, ó sì bá àwọn ará ìjọ fà á jáde. Ìbíyẹmí, ìyàwó Alàgbà, tó ti wọ bọ́ọ̀sì wá ní tirẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú ń tì í, ẹ̀rín sì ń pa á. Ó fi ìborùn bojú kí ẹnikẹ́ni má baà mọ èwo nínú méjèèjì ló ń ṣe é.

Òun náà ló kúkú dá ọ̀rọ̀ ọ̀hún sílẹ̀.

Mọ́tò yìí, Kọ̀tínà àtijọ́ ni, aláwọ̀ ewé. Dagenham níbí ni wọ́n ti ṣe é, nígbà tí Alàgbà fúnra rẹ̀ ṣì ń sáré kiri ní Ìjẹ̀bú-Igbó láìwọ ṣòkòtò. Ó dára nígbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n ara kì í ṣe òkúta. Ọjọ́ ogbó dé, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ kò le mọ́. Bí ó bá fẹ́ yí kọ́nà, iwájú á ti yí tán kí ẹ̀yìn tó gbọ́. Bí táyà kan bá gun etí títì, ilẹ̀kùn kò ní í ṣe é tì.

Lọ́jọ́ ìkórè ọdún kan, Ìbíyẹmí gbé ìkòkò ẹ̀fọ́ rírò lé itan, ó di ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n ṣe yí ráńdábáòtù tó wà lọ́nà, mọ́tò lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi rẹ̀, epo pupa sì dà sára aṣọ funfun láti àyà dé ẹsẹ̀. Bí Ìbíyẹmí ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá arúgbó kan lọgun, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Gbogbo ìjọ sì kúnlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, Ìbíyẹmí sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wẹ́rẹ́. "Bàbá Tiwa, mi ò wọ mọ́tò yẹn mọ́. Àfi ọjọ́ tí mo bá gbé ìkòkò ọbẹ̀ tí ò lọ́mọrí lé itan, tí ẹ wà á yí ráńdábáòtù yẹn, tí ẹ̀kán kan ò sì dà sí mi lára."

Ọ̀rọ̀ náà dun Alàgbà wọ eegun. Látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, kò ní ìgbádùn tó ju pé kí ó wa Kọ̀tínà, kí ìyàwó rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n jọ máa jiyàn. Ó gbìyànjú láti máa bá rédíò jiyàn, ṣùgbọ́n rédíò ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ló bá dìde sí àrùn mọ́tò náà. Páálí bàtà ló fi ń ṣàlàyé fún ẹni gbogbo. "Ẹ wò ó. Láìsí ọmọrí, ó ń lọ́. Mo dé e, kò lọ́ mọ́. Ohun tí ṣáàsì, eegun ẹ̀yìn Kọ̀tínà, ń fẹ́ nìyẹn: irin tí yóò dì í mú lábẹ́, àti òmíràn lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì láti èjìká kan dé èkejì." Ó gbé páálí náà dé ọ̀dọ̀ dókítà. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ṣáàsì títí tí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ru.

Godswill ni yóò bá a jó irin náà, ní gáréèjì rẹ̀ nítòsí Dagenham Village. Godswill yẹ mọ́tò wò, ó mi orí. "Baba, abeg, make we empty this boot first. The load dey drag the car down. If we weld am like this, na so e go stay o."

"Godswill, kí wọ́n tó bí bàbá ẹ ni mo ti ń tún mọ́tò ṣe. Jó irin ẹ."

Búùtù yẹn, ẹrù ilé ló wà níbẹ̀. Èwo ni ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà ní London tí kò ní ẹrù tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé? Ti Alàgbà ti wà ní búùtù tipẹ́tipẹ́: orí ẹ̀rọ ìránṣọ, ìkòkò irin, agolo mílíìkì, kẹ̀kẹ́ ọmọdé tí wọ́n tú palẹ̀. Ó ti tò wọ́n débi tí abẹ́rẹ́ ò lè ráyè. Bí ó bá tú u, kò dá a lójú pé yóò lè tò ó bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé.

Wọ́n yọ gbogbo ilẹ̀kùn, wọ́n jó irin. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá ilẹ̀kùn padà, kò wọlé, nítorí ẹrù ti fa ìdí mọ́tò wálẹ̀, irin tuntun sì ti dì í mú síbẹ̀. Alàgbà mú òòlù. Ó lù ú títí ó fi wọlé. Ilẹ̀kùn wọlé lóòótọ́. Ṣíṣí ni kò ṣí mọ́. Bí ọjọ́ fèrèsé ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìsìn, ó pe ìyàwó rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ìyá Tiwa, kò lọ́ mọ́ o! Ó le gbagidi. Wá wọlé."

"Kí n gba ibo wọlé?"

"Fèrèsé ńkọ́?"

"Bàbá Tiwa, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n gbé mi gbà wọ ilé yín. Mi ò ní í gba fèrèsé wọ mọ́tò yín."

 Lọ́jọ́ kejì, Alàgbà tú búùtù, ó fi ẹrù ránṣẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Nígbà tí ẹrù dé, àbúrò rẹ̀ obìnrin fóònù. "Bùọ̀dá mi, ẹ ṣeun, Olúwa á bùkún yín. Ṣùgbọ́n Ọ̀ṣẹ́nì ọmọ mi tí ẹ ra kẹ̀kẹ́ fún, ó ti gbéyàwó o."

Alàgbà dá a lóhùn: "Ó dáa. Kó yáa bímọ."

Godswill gé gbogbo irin náà kúrò, ó gbé mọ́tò sórí ìdúró tó tẹ́jú, ó sì jó o lákọ̀tun. Lọ́tẹ̀ yìí, òòlù kò ríṣẹ́ ṣe. Ìka kan ni Alàgbà fi ti ilẹ̀kùn, ó sì dún gbùú, ohùn tó kún, tó sì balẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti jẹun alẹ́ tán, á jáde síwájú ilé wọn ní Upney, á ṣí ilẹ̀kùn, á tì í.

"Ìyá Tiwa, ṣé o gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," Ìbíyẹmí á sọ láti ilé ìdáná.

Ó ń gbọ́. Ó tilẹ̀ ń dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbà fún Alàgbà lẹ́ẹ̀kan, ta ni yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀?

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ìbíyẹmí wọ aṣọ funfun tó mọ́ jù lọ, ó gbé ìkòkò tí ò lọ́mọrí lé itan, àwọn ará ìjọ sì tò sí etí títì. "Ẹ wà á bí ẹ ṣe máa ń wà á o," ló wí. "Ẹ má fà á bí ìgbín." Alàgbà tẹ iná mọ́ ọn. Kọ̀tínà yí ráńdábáòtù náà, iwájú àti ẹ̀yìn pa pọ̀. Ọbẹ̀ yọjú sí etí ìkòkò, ó wo aṣọ funfun, ó padà sí ààyè rẹ̀. Ẹ̀kán kan kò dà.

"Haleluyà!" ni Alàgbà ké, ló bá fi gbogbo ara tẹ búréèkì. Ìkòkò fò kúrò lórí itan Ìbíyẹmí, ó dojú dé sára Alàgbà. Epo ń kán láti irùngbọ̀n rẹ̀ dé orúnkún. Ó wo ara rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Tiwa, ẹ̀bi ṣáàsì kọ́ nìyẹn."

Ìbíyẹmí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, àga iwájú di tirẹ̀ padà. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n á wa mọ́tò lọ sí Barking Riverside, wọ́n á máa jẹ ẹ̀pà, wọ́n á máa wo ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á sì jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Inú Alàgbà kì í dùn tó bẹ́ẹ̀ níbòmíràn, òun náà sì mọ̀ ọ́n.

Ojú oorun ni Alàgbà gbà lọ, nígbà òtútù tó kọjá, láìsí àìsàn, lálẹ́ ọjọ́ tó jẹun yó, tó sì ti ti ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀.

Ìkórè tún dé. Tiwaladé, ọmọ wọn, ló mú sítíárìn. Ìbíyẹmí jókòó síwájú nínú aṣọ funfun, ìkòkò ẹ̀fọ́ lórí itan.

"Mummy, please now, ẹ jẹ́ ká dé e."

"Má dé e."

"But it's your white o!"

"Wa mọ́tò, jàre."

Wọ́n yí ráńdábáòtù. Ọbẹ̀ yọjú, ó padà. Tiwaladé mí kanlẹ̀. "Daddy tried, sha."

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì, Ìbíyẹmí gbé ìkòkò fún ọmọ rẹ̀ pé kó máa wọlé lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀ láìwọ bàtà, ó fi ìka kan ti ilẹ̀kùn. Gbùú. Ó ṣí i, ó tún tì í.

"Mo gbọ́, Bàbá Tiwa," ló wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ."