Ilẹ̀ Tí A Ò Jẹ́ Kí Wọ́n Gbin Àgbọn Sí

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́lé sí apá ọ̀sà lẹ́yìn Ajah lónìí, oko ẹ̀gẹ́ ni mo mọ ibẹ̀ sí. Ọdún tí wọ́n lé àwọn ènìyàn wa kúrò ní Gánà ni Ìyá Rábíù dé sí abúlé wa, òun àti ìdílé bíi mélòó kan. Baálẹ̀ fún wọn ní ilẹ̀ ibẹ̀ pé kí wọ́n máa dáko, kí wọ́n sì kọ́ ahéré sí i. Òfin kan ṣoṣo ló wà ńbẹ̀: wọn ò gbọdọ̀ gbin àgbọn. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó gbin igi ló ni ilẹ̀.

Ìyá Rábíù bẹ Baálẹ̀ títí. "Bàbá, ẹyọ kan péré, ẹ̀yìn ilé mi ni màá gbìn ín sí."

"Ìyá, ẹ jẹ ẹ̀gẹ́ yín ní jẹ́jẹ́."

Nígbà tó yá, ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ agbègbè wa. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ nígbà náà. Onílé àti àlejò, gbogbo wa la jáde, a fi imọ̀ àgbọn dí ọ̀nà mọ́ àwọn awọnlẹ̀ ìjọba. Ọ̀gá wọn sọ̀kalẹ̀, kò tilẹ̀ bínú.

"Ibi tí àgbọn bá wà, mo gbà pé ó ní onílẹ̀. Igbó apá ọ̀sà yẹn ńkọ́?"

Mo ní, "Ọ̀gá, oko ni, kì í ṣe igbó. Ẹ̀gẹ́ ló wà níbẹ̀."

"Ta ló gbìn ín?"

"Èmi ni," Ìyá Rábíù dáhùn.

"Ṣé ilẹ̀ yín ni?"

Ó wo Baálẹ̀. Baálẹ̀ wúkọ́, ó ní, "Ilẹ̀ wa ni. Àwa la fi yá wọn."

"Igi yín dà lórí ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, nítorí òfin tiwa fúnra wa ló fi mú wa.

A dúró sójú ọ̀nà títí ìrọ̀lẹ́. Wọ́n fi apá àgbọn sílẹ̀ fún wa, ọlọ́pàá ò sì mú ẹnì kankan. Èyí la jèrè. Apá ọ̀sà lọ pátá, àti ahéré àwọn àlejò wa. Àwọn kan ní a ṣẹ́gun. Èmi ò bá wọn jó ijó náà, torí ẹni tó pàdánù jù kọ́ ló ṣe òfin.

Lọ́jọ́ kejì, Baálẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àgbọn tó ti hù wá bá Ìyá Rábíù níbi tó jókòó ti ẹrù rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ gbà, ẹ lọ gbìn ín sẹ́yìn ilé yín."

Ìyá Rábíù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ló bi í pé, "Bàbá, ilé wo?"