Ajá Tí Mo Fi Síkàáwọ́ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ajá náà kéré débi pé inú bàtà mi ló máa ń sùn sí. Ẹni tó tà á fún mi l'Ádó ní kò ní tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ láéláé, inú mi sì dùn. Dókítà ẹran ló fi ìka mi kan àtàrí rẹ̀. Ó rọ̀ bí àwùjẹ̀ ọmọ ìkókó, bẹ́ẹ̀ ajá náà ti dàgbà tán.

"Kò ní dí," ni dókítà wí. "Àwọn tó ń sin irú ajá yìí ń jẹ́ kí èyí tó kéré jù gun èyí tó kéré jù, torí ohun tí oníbàárà ń fẹ́ nìyẹn. Bí ebi bá pa á díẹ̀, á máa gbọ̀n. Ẹ yára fi oyin pa èrìgì rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí akọ gùn ún. Ìbàdí yìí ò gba ọmọ."

Nígbà tí iṣẹ́ ìròyìn gbé mi lọ sí Àbújá fún oṣù mélòó kan, mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìgèdè, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Mo fún un ní ìgò oyin, mo sì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ dókítà fún un lẹ́nu ọ̀nà.

Ó rẹ́rìn-ín. "Akọ wo ni yóò rí eléyìí? Àfi bó bá wọ jígí. Máa lọ, àbúrò. Ulé mi ló wà."

Ọkàn mi balẹ̀. Òun ló tọ́ mi dàgbà.

Lọ́jọ́ tí mo padà lọ mú un, inú abọ́ oníke ni mo bá a, ikùn rẹ̀ wú ju gbogbo ara rẹ̀ tó kù lọ, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ní láti àárọ̀ ló ti ń rọbí.

"Ta ló gbé akọ wá?"

"Ẹni tó tà á fún ọ ni. Èmi ni mo ránṣẹ́ pè é. Ṣebí àgbàsìn ni o gbé fún mi? Bí a ṣe ń sin ewúrẹ́ nílé wa náà nìyẹn: abo bímọ, ẹni tó ni ẹran mú tirẹ̀, ẹni tó sìn ín mú tirẹ̀. Àbí kí n máa fi oyin bọ́ ajá lásán?"

Mo gbé abọ́ náà sínú ọkọ̀, òun náà wọlé, a sáré gba Adó lọ.

Dókítà wo ajá, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó gbé ajá wọlé fún iṣẹ́ abẹ. Nígbà tó jáde, ọmọ kan ṣoṣo ló wà nínú aṣọ ìnura tó gbé dání.

"Orí èyí àkọ́kọ́ ló há," ó ní. "Ọkàn ìyá ò gbé e, ó ti kú. Ẹ pẹ̀lẹ́."

Ẹ̀gbọ́n mi gba ọmọ ajá náà, ó nà án sí mi. "Mú un. N ò bá ọ du èyí."

"Ṣé ẹ gbọ́ mi lọ́jọ́ tí mo sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín?"

"Mo gbọ́. Mo rò pé àsọdùn dókítà ni."

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti purọ́ fún mi lójú kòrókòró nídìí iṣẹ́ ìròyìn. Kò sí èyí tó dùn mí tó "mo gbọ́" yẹn.

Mo fi ọmọ ajá náà sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti dúró ti ọkọ̀, ó ń retí kí n gbé òun padà sílé.

"Iṣẹ́ á tún gbé ọ lọ sí Àbújá," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́. "Ta ni yóò bá ọ tọ́jú rẹ̀?"

Mo ní kì í ṣe ẹ̀yin. Mo bọ́ sí títì, mo dá ọkọ̀ Ìgèdè dúró fún un.