Ohùn Mùhúdíìnì Lórí Rédíò

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kéde òfin owó orí tuntun ni ọkàn Mùhúdíìnì kò ti balẹ̀ mọ́. Awakọ̀ ni. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ṣùgbọ́n Douala ní Kamẹrúùnù ló ti hu irùngbọ̀n. François, oníṣòwò sìmẹ́ńtì, ló ń wakọ̀ fún, patron, ìyẹn ọ̀gá, ni wọ́n sì ń pè é.

Lọ́jọ́ ìkéde náà, patron jókòó sẹ́yìn nínú ọkọ̀, ó ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ̀rín sì ń pa á. Òfin náà ti dín owó orí iléeṣẹ́ ńlá kù, ó sì ti bù kún èyí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́.

"A wá lè mí wàyí!" ni patron wí.

Mùhúdíìnì di sítíárì mú gírígírí. Òun ńkọ́?

Nígbà tó délé ní Ndogbong, ó rò ó fún Kàbírátù ìyàwó rẹ̀, tó ń yan ẹja tà lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Juwairiyyah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ panu mọ́," obìnrin náà wí. "Àlejò ni wá níbí."

"Ìgbà tí wọ́n bá ń yọ owó orí, ṣé wọ́n máa ń rántí pé àlejò ni wá?"

Kò lè jẹun tán. Ó ń jókòó, ó ń dìde.

Lọ́jọ́ Sátidé, patron rán an lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ọjà tí wọ́n ń pè ní Marché Dakar. Oníròyìn rédíò kan wà níbẹ̀ tó ń béèrè èrò àwọn èèyàn nípa òfin náà, gbogbo wọn sì ń yẹra. Kí Mùhúdíìnì tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti wà nídìí máíkù.

"Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí erin, wọ́n gbé e lé èèrà lórí," ó fi Faransé wí. "Wọ́n ní ká ṣe sùúrù. Sùúrù wa yìí náà ni wọ́n ń jẹ!"

Ọjà hó yèè. Ó sáré gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó padà sídìí ọkọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ń gbé patron lọ wo ilẹ̀ kan ní Yassa nígbà tí ohùn rẹ̀ bú jáde lórí rédíò. Ó nawọ́ láti pa á.

"Má pa á," patron wí. Ó gbọ́ ọ dópin. "Ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, patron."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Mo lè bù kún owó rẹ."

"Ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n àwọn tó kù lọ́jà ńkọ́? Ta ni yóò bù kún tiwọn?"

Nígbà tí wọ́n padà dé ilé patron, ó na ọwọ́, ó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ Mùhúdíìnì.

Ṣé Kàbírátù ò kúkú ti gbọ́ rédíò nídìí ẹja? Ó káwọ́ lérí, ó sunkún díẹ̀, ó bu oúnjẹ síwájú ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, Dáúdà, ọ̀rẹ́ Mùhúdíìnì, fún un ní takisí pé kó máa wà á. Òfin náà wà bó ṣe wà. Nígbà tí ẹgbẹ́ awakọ̀ pe ìpàdé láti fi ẹ̀hónú wọn hàn, Mùhúdíìnì ti wọ bàtà kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

Kàbírátù fa ìborùn rẹ̀ wé orí. "A jọ ń lọ ni. Bí ọ̀rọ̀ yín bá ti fẹ́ pọ̀jù, màá fà yín láṣọ."