Ìwé Jámánì Tí Ìyá Mi Dáná Sun

Lọ́jọ́ tí ayé wa dàrú, fèrè iléeṣẹ́ igi kò dún. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, fèrè yẹn ló ń jí wa ní ìletò kékeré tí à ń gbé lójú ọ̀nà Òrè. Á dún lẹ́ẹ̀kan kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì, bàbá mi, tó jẹ́ akọ̀wé níbẹ̀, á ti wọ bàtà. Lọ́jọ́ náà, ó wọ bàtà, ó jókòó, ó ń retí. Ìyá mi gbé ẹ̀kọ gbígbóná síwájú rẹ̀. Ẹ̀kọ tutù. Ohun tí a wá gbọ́ ni ọkọ̀ àjàgbé, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, tí wọ́n ń sáré bọ̀ láti apá ìlà-oòrùn. Bàbá mi yọjú lójú fèrèsé.

"Wúràọlá," ó ní, "sójà ni."

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, ogun abẹ́lé Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Mo ń kọ èyí fún ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi tí wọ́n bí sí Peckham ní London, tí ẹ ò mọ ogun ju èyí tí ẹ̀ ń rí nínú fóònù yín lọ. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín: ìbínú ló fi gègé lé mi lọ́wọ́.

Bàbá tó bí bàbá mi, Johann Riedel, ọmọ Jámánì ni. Àwọn òbí rẹ̀ ṣí wá láti Jámánì, wọ́n ń ṣe búrẹ́dì tà ní Deptford, níbi tí mo lè wọ bọ́ọ̀sì dé láti ẹnu ọ̀nà mi kí tíì tó tutù. Riedel lọ ṣòwò ní Èkó, ó sì bí bàbá mi níbẹ̀. Obìnrin Èkó tó bí i fún un ń jẹ́ Adébísí. Nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀, wọ́n kó àwọn Jámánì kúrò l'Ékòó. Ẹ̀yìn ni bàbá mi ṣì wà tí ìyá rẹ̀ ń pọ̀n ọ́n. Kò fojú kan bàbá rẹ̀ mọ́.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, Hàlímà, ọmọ ọmọ mi, ní kí n tutọ́ sínú ìgò kékeré kan, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fi itọ́ wá ìbátan. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rí Maureen, obìnrin òyìnbó tó ń gbé ní Kennington. Àbúrò Riedel ni ìyá ìyá rẹ̀. Maureen wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń ṣàkójọ ìtàn àwọn ìdílé Jámánì tó tẹ̀dó sí apá gúúsù London, wọ́n sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde níwèé. Ó ní kí wọ́n fi tiwa kún un. Inú mi dùn. Mo kọ ojú ewé mẹ́fà ránṣẹ́. Ìmọ̀ ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, òun ni mo sì fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ mi ní ohun tó ń jẹ́ ẹ̀rí.

Gbólóhùn mẹ́ta ni wọ́n dá padà fún mi nínú ojú ewé mẹ́fà. "Wọ́n ní Riedel bí ọmọ kan sí Nàìjíríà. Ẹbí tó wà níbẹ̀ kò bìkítà láti tọ́jú ìwé tí ìbá fìdí èyí múlẹ̀. Ìyàwó ọmọ náà ló bà á jẹ́."

Bàbá mi kò lórúkọ. Ìyá mi kò lórúkọ. Kò bìkítà! Mo ní kí n wo bí wọ́n ṣe kọ ti àwọn tó kù. Mo ṣí ẹ̀dà ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi sí ojú ewé kẹrìnlá. Ibẹ̀ ni mo ti kà á pé nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́ kan náà, tí àwọn aládùúgbò ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn Jámánì ní Deptford, ìyá Riedel kó gbogbo ìwé tí wọ́n fi èdè Jámánì kọ nínú ilé, ó jù wọ́n sínú ààrò búrẹ́dì, kí àwọn jàǹdùkú má baà rí wọn. Kí ni wọ́n pe tiẹ̀? Ìwà akin. Odindi ìpínrọ̀ kan, àti àwòrán ààrò.

Hàlímà kà á láti ẹ̀yìn mi. "Grandma, that's mad! Same family, same thing! Ẹ má gbà fún wọn o."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ gbà?"

Ẹ wá gbọ́ bí ìyá mi ṣe bà á jẹ́.

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, a ò kúrò nílé. Ìbọn ńlá ń dún lápá ibi tí afárá wà. Kì í ṣe irú èyí tí ẹ̀ ń gbọ́ nínú fíìmù. Àyà la fi ń gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́. Abọ́ á máa rìn fúnra rẹ̀ lórí pẹpẹ. Lọ́jọ́ karùn-ún, ọta bọ́ sínú ọgbà iléeṣẹ́ igi, pákó gbiná. Ìyá mi pọn Káyọ̀dé, àbúrò mi, bàbá mi gbé àpótí páànù tó ń kó ìwé sí, èmi ru ìkòkò. A wọnú oko kòkó lọ.

Ahéré kan la há sí pẹ̀lú ìdílé mẹ́ta mìíràn. Gààrí tán kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. A jẹ ẹ̀gẹ́ tí kò tíì gbó, a lá omi ara kòkó, a ṣa ìgbín títí ìgbín fi tán. Ìdájí nìkan la ń dáná, kí kùrukùru lè bo èéfín. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, Káyọ̀dé kò sunkún mọ́. Ìyẹn ba ìyá mi lẹ́rù ju ìbọn lọ.

Sójà ẹgbẹ́ méjèèjì ló gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. N kò ní sọ ẹni tó ṣe èyí àti ẹni tó ṣe tọ̀hún. Aṣọ wọn ti dọ̀tí dọ́gba, ìbéèrè wọn sì jọra. Àhesọ kan ló ń ṣáájú wọn: pé àwọn òyìnbó kan ń ran ọ̀tá wọn lọ́wọ́ jagun nínú igbó, àti pé àwọn Jámánì wà níbẹ̀. Bàbá mi pupa. Ẹyinjú rẹ̀ rí bí eérú. "Òyìnbó Akọ̀wé" ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, òun náà á sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tán lọ́jọ́ tí wọ́n dá awakọ̀ kan tó pupa bíi tirẹ̀ dúró ní oríta. Wọ́n bá lẹ́tà kan lápò rẹ̀ tí wọn ò lè kà. Wọ́n mú un lọ. Ìyàwó rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa ní ahéré. Ojoojúmọ́ ló ń fi ewé di ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ pamọ́ dè é.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì tí wọ́n mú awakọ̀ náà, bàbá mi lọ pọn omi. Ìyá mi ṣí àpótí páànù. Ìwé tó wà níbẹ̀ á tó ogún: rìsíìtì, ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí iléèwé. Ìyá mi kò mọ̀wé. Ó pè mí.

"Bọ́sẹ̀, èwo ni ti Jámánì?"

"Mọ́mì, Bàbá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

"Mo ní èwo ni?"

"Bàbá máa lù mí."

"Jẹ́ kó wà láàyè tí á fi lù ẹ́."

Mo yọ ọ́. Ìwé ìrìbọmi Riedel fúnra rẹ̀ ni, tí ìjọ àwọn Jámánì ní London kọ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Òun ló fi lé Adébísí lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń kó o lọ, kí ọmọ náà lè fi mọ ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Lẹ́tà rẹ̀ rí ṣágiṣàgi bí ẹ̀ka igi, ṣùgbọ́n bàbá mi ti kọ́ mi bí a ṣe ń pè é, ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí a bá ti fọwọ́.

"Kà á," ìyá mi wí.

Mo kà á sókè. Kò yé e, kò yé èmi náà.

"Tún un kà."

Mo tún un kà.

"Ṣé ó ti wà lórí ẹ?"

"Ó ti wà."

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi í sínú iná, ó sì fi igi ro eérú rẹ̀ títí kò fi ku lẹ́tà kan tó dá dúró. Lẹ́yìn náà ló gbé ìkòkò ẹ̀gẹ́ lé iná kan náà, nítorí kùrukùru ti ń ká.

Ẹni tí kò bìkítà nìyẹn. Ẹni tí kò mọ̀wé ló ní kí wọ́n ka ìwé lẹ́ẹ̀mejì kó tó sun ún.

N kò ní fi tèmi pamọ́, nígbà tí mo ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn. Ìwé kejì tún wọná lọ́jọ́ náà. Ìwé ìrìbọmi bàbá mi ni, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ l'Ékòó, ṣùgbọ́n mo rí "Riedel" lára rẹ̀, ẹ̀rù bà mí, mo mú un kún un. Ó ṣeé ṣe kí àwọn sójà má kà á sí. Ìwé yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ yìí ìbá gbà láìjanpata. Èmi ni mo fà á, kì í ṣe ìyá mi. Mo kọ ọ́ sínú ojú ewé mẹ́fà tí mo fi ránṣẹ́. Wọ́n fò ó.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì sí ìgbà náà ni àwọn sójà dé ahéré. Wọ́n ní kí bàbá mi kúnlẹ̀. Wọ́n da àpótí sílẹ̀.

"Ìwọ òyìnbó yìí, níbo lo ti wá?" Ọ̀kan nínú wọn gbọ́ Yorùbá.

"Ọmọ Èkó ni mí, ọ̀gá. Akọ̀wé ni mí níléeṣẹ́ igi."

"Ta ni bàbá ẹ?"

Ìyá mi ló fèsì. "Ìyá ló tọ́ ọ, ọ̀gá. Ìyá rẹ̀ nìkan la mọ̀."

"Ṣé ìwọ ni mo bi?"

"Èmi ni mò ń se oúnjẹ tó ń jẹ. Bí ó bá jẹ́ sójà, ṣé ebi á máa pa á báyìí?"

Ọ̀kan rẹ́rìn-ín. Ẹni tó mọ̀wé nínú wọn ń mú ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Mo ń ka ìwé náà pẹ̀lú rẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí. "Rìsíìtì ni gbogbo ẹ̀," ó ní níkẹyìn. Síbẹ̀ wọ́n mú bàbá mi lọ, wọ́n ní kó wá bá wọn ru ẹrù. Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó padà láìwọ bàtà, èjìká rẹ̀ bó. Awakọ̀ oríta kò padà.

"Wúrà," ó ní, kó tó jókòó rárá, "ìwé mi dà?"

"Mo ti sun ún."

Ó wo iná. Ó wo èmi, ó wo Káyọ̀dé. Ó fọwọ́ kan orí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ó dáa." Kò lù mí. Títí ó fi kú, kò dárúkọ Riedel mọ́, a ò sì jẹ́ bi í.

Nígbà tí a padà sílé, kò sí ariwo kankan nílùú, kódà ajá kò gbó. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn tí kò débẹ̀ sọ ìjà Òrè di àpárá. Nǹkan díẹ̀ bá le, wọ́n á ní ó le bí ìjà Òrè, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lóṣù tó kọjá, èmi àti Hàlímà lọ bá ẹgbẹ́ náà ní gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣèpàdé ní Deptford. Alága wọn, ọkùnrin kan tó máa ń rọra sọ̀rọ̀, ní àwọn ti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn mi. Wọ́n á yọ "kò bìkítà" kúrò. Wọ́n á kọ ọ́ pé ìwé náà sọnù nígbà ogun, bàbá mi á sì wọlé, torúkọtorúkọ. Kí n ṣáà fọwọ́ sí i.

"Kò sọnù," mo wí.

"Ọ̀rọ̀ kékeré ni, màdáámù."

"Bó bá kéré, ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí. Ìyá mi sun ún kí wọ́n má baà pa ọkọ rẹ̀. Wúràọlá lorúkọ rẹ̀. Èmi ni mo kà á kẹ́yìn."

Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kì í ṣe ẹ̀rí. Mo ní, ta ló wá rí ìyá Riedel nídìí ààrò? Ìwé wo ló sọ ọ́? Ó ṣí fáìlì rẹ̀, ó pa á dé. Ẹnu ìyá ìyá rẹ̀ ni Maureen ti gbọ́ ọ, gbogbo wọn ló sì mọ̀.

"Bí ẹ ò bá fọwọ́ sí i," ó ní, "a máa yọ bàbá yín kúrò ni. Ọ̀sẹ̀ yìí ló ń lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé."

Hàlímà fà mí láṣọ. "Grandma, ẹ kàn sign, please. Great-grandpa máa wà nínú book."

Mo ro ó. Ẹ má ṣe rò pé n kò ro ó. Láti kékeré ni bàbá mi ti ń tọ́jú ìwé yẹn títí ó fi jóná, torí kí wọ́n lè rí i kà mọ́ àwọn èèyàn wọ̀nyí. Gègé wà lórí tábìlì.

"Ẹ yọ ọ́," mo wí. "Bàbá mi kò ní tẹ ìyá mi mọ́lẹ̀ kó tó wọlé."

Maureen dìde. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, orókún ń dùn ún, ó di àga mú. Ó ní, "Ẹ yọ ààrò tiwa náà. Àti àwòrán rẹ̀. Gbogbo wa ni kẹ́ ẹ yọ."

Kẹ́tùlù tí wọ́n gbé kaná fún tíì hó títí, ó pa ara rẹ̀.

Ìwé náà ti jáde. Kò sí Riedel kankan nínú rẹ̀. Maureen máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ mi báyìí, mo sì ń kọ́ ọ bí a ṣe ń pe Wúràọlá. Ó ṣì ń pè é bí orúkọ oògùn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, a ò ní ìwé. Ẹni kan ń jẹ́ Johann Friedrich Riedel, ọmọ oníbúrẹ́dì ní Deptford. Adéṣínà ni ọmọ tó bí sí Èkó. Bí wọ́n bá ní kí ẹ mú ẹ̀rí wá, ẹ sọ fún wọn pé Wúràọlá dáná sun ún. Ẹ má ṣe bẹ̀bẹ̀, ẹ má sì rẹ ohùn sílẹ̀.