Dókítà Tí Kò Kí Wa

Ohun kan ṣoṣo ni dókítà náà fẹ́ sọ lórí rédíò, kò sì ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kì í ṣe dókítà oníṣègùn. Olùkọ́ yunifásítì ni, ọmọ Èkìtì, ó sì ti pẹ́ tó ti ń ṣèwádìí bí omi òkun ṣe ń lọ tó ń bọ̀ ní etíkun wa ní Àgbádárìgì.

Iléyá ń bọ̀ nígbà náà. Lọ́dọọdún, bí àwọn ọ̀dọ́ bá ti jẹ ẹran tán, etíkun ni wọ́n ń wọ́ lọ. Lọ́dọọdún náà ni èmi oníròyìn ń tẹ̀ lé wọn lọ, kí n lè kọ ìròyìn ẹni tí kò padà wálé.

“Ẹ̀gbọ́n, wọn kì í sábà kú síbi tí ìgbì ti ń pariwo,” ló sọ fún mi ní ọ́fíìsì rẹ̀. “Ibi tó dákẹ́ ni. Wọ́n á rí i pé ìgbì ò sí níbẹ̀, wọ́n á ní ibẹ̀ ló rọrùn. Ibẹ̀ sì ni omi tí ìgbì kó wá sókè ń gbà padà sínú òkun.”

Mo ní ó gbọ́dọ̀ wá sọ èyí lórí ètò mi ti àárọ̀. Ó wá. Ìdajì wákàtí ni wọ́n fún wa.

Mo kí i, mo ka gbogbo ìwé tó kà àti gbogbo oyè tó gbà. Òun náà dúpẹ́. Ó kí àwọn ọba wa, ó kí àwọn ìjòyè, ó kí ọ̀gá àgbà yunifásítì wọn àti olórí ẹ̀ka wọn, ó kí àwọn ìyá ọlọ́jà, ó kí àwọn Mùsùlùmí kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni. A gbé ìpolówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí sí i, lẹ́yìn náà a ṣí fóònù sílẹ̀. Àlàájà kan pè láti ìgboro Àgbádárìgì, ó gbàdúrà fún dókítà, fún ọkọ rẹ̀, fún àwọn ọmọ rẹ̀. Bàbá kan pè láti Aradagun láti sọ pé ìkíni rẹ̀ wọ òun lára. Nígbà tí dókítà fi máa la ẹnu, tó ní, “Omi òkun yìí, ṣé ẹ rí i,” orin ìròyìn ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá mi ní ètò yẹn dùn.

“Kí ni mo wá sọ?” ni dókítà bi mí níta.

“Ẹ kí wa dáadáa.”

“Ẹ jẹ́ kí n padà wá. Mi ò ní kí ẹnì kankan.”

“Dókítà, níbí? Wọ́n á bú yín.”

“Ẹni tó bá kú sómi ò ní lè dáhùn ìkíni, ẹ̀gbọ́n.”

Ó padà wá ní ọjọ́ Àráfà, tí Iléyá ku ọ̀la. Mo dárúkọ ètò tán, mo ní kó máa sọ̀rọ̀. Bó ṣe sọ ọ́ nìyí: “Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sétíkun lọ́la, ẹ dúró kí ẹ wo ìgbì kí ẹ tó wọ omi. Ibi tó dákẹ́ láàárín ìgbì méjì, tó dúdú díẹ̀, tó dà bí ọ̀nà, ẹ má wọ ibẹ̀. Bí omi bá sì ti gbé yín, ẹ má bá a jà. Ẹ má wẹ̀ padà tààrà sétíkun. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ wẹ̀ sí títí yóò fi jù yín sílẹ̀.” Ó pa ẹnu mọ́.

Fóònù ò dákẹ́ mọ́.

Bàbá Aradagun ló kọ́kọ́ wọlé. “Ta lẹ gbé wá yìí? Kò ní ẹ káàárọ̀, kò ní ẹ kúṣẹ́. Ó kàn jókòó, ó ní, ‘Ibi tó dákẹ́, ẹ má wọ ibẹ̀.’ Ṣé ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wá ni?”

Àlàájà náà ní, “Mo gbàdúrà fún un níjọ́sí. Mo fẹ́ gba àdúrà mi padà. Ẹ gbọ́ ohun tó tẹnu rẹ̀ jáde, ‘Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ wẹ̀ sí.’ Sí àgbàlagbà bí èmi.”

Apẹja kan pè láti Topo. Ó kọ́kọ́ fi èdè Ègùn kí gbogbo wa dáadáa, kó lè hàn pé òun ní ẹ̀kọ́. “Ohun tó sọ, òótọ́ ni. Bàbá mi náà sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi á kọ́kọ́ kí ọ.”

Kò sí ẹni tó bú u tí kò tún ọ̀rọ̀ náà sọ, kí ayé lè gbọ́ bó ti burú tó. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti wà lórí Wasáàpù. Iléeṣẹ́ rédíò mìíràn gbé ohùn rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ léraléra, wọ́n ń bi àwọn olùgbọ́ bóyá ìwé àkàjù ló ń ba ìwà jẹ́.

Ní ọjọ́ Iléyá, mo wà létíkun. Ọmọbìnrin kan ń lọ sí ibi tó dákẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ fà á láṣọ.

“Kúrò níbẹ̀. Ibẹ̀ ni obìnrin yẹn ní ká má wọ̀.”

“Èwo? Èyí tí kì í kí èèyàn? Ìwọ ń gbọ́ tiẹ̀?”

“Mi ò gbọ́ tiẹ̀. Mo kàn ní o ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀.”

Wọ́n ṣí lọ síwájú.

Lọ́sàn-án, omi gbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan. A rí orí rẹ̀ bó ṣe ń jìnnà, ìyá kan sì ti káwọ́ lérí. Lẹ́yìn náà la rí i tó ń wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, títí ìgbì fi gbé e jù sórí iyanrìn lókèèrè. Mo sáré lọ bá a, mo na ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sí i lẹ́nu.

“Kí lo rò nígbà tí omi gbé ọ?”

Ó tu iyanrìn dànù. “Obìnrin yẹn ni. Inú ṣì ń bí mi sí i nínú omi.”

Mo pe dókítà láti ibẹ̀, mo sọ fún un.

“Ẹ̀gbẹ́ ló wẹ̀ sí?”

“Ẹ̀gbẹ́ ni.”

 

“Ìyá mi ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní Èkìtì,” ló wá sọ. “Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ kí ẹ bá àwọn gba àyè lórí rédíò. Wọ́n fẹ́ wá bá mi bẹ ará Àgbádárìgì.”