Ẹ̀gbà Girijamma Tó Wà Nínú Ìgò

Bí ẹ bá dárúkọ olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Puttaswamy ní àdúgbò rẹ̀ ní Bengaluru, nílẹ̀ Íńdíà, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbà wúrà Girijamma ìyàwó rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ. Wúrà ló tán ní yàrá ìwádìí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọkùnrin tí kò mọ sùúrù yìí gé ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan lára ẹ̀gbà tí ìyá Girijamma fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó fi ásíìdì yọ́ ọ, ó sè é, ó sì gbé ìgò omi pupa kan wálé.

"Ìyá Vasanta, gba wúrà rẹ."

"Bàbá Vasanta, omi yìí lẹ pè ní wúrà?"

"Wúrà ni. Mo kàn sọ ọ́ di kékeré ni. Tó bá ti kéré dé ibi tí ojú ò lè rí i mọ́, pípọ́n ló máa ń pọ́n."

"Wúrà yín kéré lóòótọ́. Ẹnu yín ni ò kéré."

Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni Puttaswamy ń fẹ́ láyé: kí ìyàwó rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ pe omi náà ní wúrà. Girijamma fàáké kọ́rí.

Puttaswamy pe Veerachari, alágbẹ̀dẹ wúrà ìtòsí ilé wọn, wá ṣe adájọ́. Veerachari kán omi náà sórí òkúta dúdú tó fi ń yẹ wúrà wò.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, òkúta mi ò rí nǹkan kan o. Ó kàn tutù ni."

"Òkúta rẹ ò kàwé ni."

Puttaswamy bu omi náà sínú ife, ó sì wọ́n iyọ̀ sí i. Lójú wọn kòrókòró, pupa di aró.

"Ṣé ẹ rí i? Olúkúlùkù èérún wúrà inú rẹ̀ ló dá dúró tẹ́lẹ̀. Iyọ̀ ló kó wọn jọ, ni àwọ̀ wọn bá yí padà. Omi lásán wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Mo gbà o," ni Veerachari wí. "Wúrà ni."

"Ìyá Vasanta ńkọ́?"

"Ẹ ti fi iyọ̀ mi ṣòfò," ni Girijamma wí, ó sì padà sídìí kọfí rẹ̀.

Lọ́dọọdún, nígbà àjọ̀dún Lakshmi, òrìṣà ọrọ̀, tí àwọn obìnrin ń to wúrà wọn síwájú òrìṣà, Puttaswamy á yọ́ gbé ìgò rẹ̀ sáàárín wọn. Girijamma á gbé e padà sílé ìdáná, sẹ́gbẹ̀ẹ́ òróró. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe é.

Nígbà tí Puttaswamy kú, àwọn obìnrin ẹbí wá bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ opó gẹ́gẹ́ bí àṣà. Wọ́n fọ́ ti gíláàsì, wọ́n kó ti wúrà lọ, títí kan èyí tí ojú gígé wà lára rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́, ó sì dùn ún wọra.

"Ṣé kò ku wúrà kankan?" ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin béèrè. "Kí ló wà nínú ìgò yẹn?"

"Omi ni," ni Girijamma wí.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó nu ìgò náà, ó gbé e síwájú Lakshmi, ó sì jókòó tì í. Pupa rẹ̀ kò tíì ṣá.

"Bàbá Vasanta," ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, "mo parọ́ fún ẹ̀gbọ́n yín lónìí. Wúrà ni."